Ẹni Tó Tọrọ Gíláàsì Lẹ́ẹ̀mejì

Mummy Stephanie gbé òrùka náà sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni pé ó gbóná.

"Gíláàsì ni," ó ní. "Gíláàsì ló fi tan ọmọ mi jẹ títí ọmọ mi fi kú."

Damaris Ṣọládé kò tíì fọwọ́ kan òrùka. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í sábà purọ́, àmọ́ ó máa ń ṣìnà. Ó kọ́kọ́ wo inú pálọ̀ náà ká. Ilé àwọn tó rí jájẹ ni, nínú ẹsiteeti kan ní Mende. Bíbélì wà lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró àdúrà tó ti fẹ́ tán, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Fọ́tò Stephanie wà lókè wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí nìyẹn. Àrùn kíndìnrín ló pa á. Mọ́ṣúárì ló wà báyìí, ọ̀la ni wọ́n máa sin ín. Káyọ̀dé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Alápẹ̀rẹ̀, ti wà ní àtìmọ́lé láti àná, torí ìyá yìí ló wá fẹjọ́ sùn pé ó fi òrùka ayédèrú lu ọmọ òun ní jìbìtì.

"Ta ló sọ fún yín pé gíláàsì ni, Mummy?"

"Mo dán an wò fúnra mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ mi wà ní ọsibítù nígbà yẹn. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé téèyàn bá fẹ́ èémí sí ojú dáyámọ́ńdì, kíá ni kùrukùru ojú rẹ̀ ń lọ. Ti gíláàsì ló máa ń pẹ́. Mo fẹ́ èémí sí èyí, kò lọ. Ó ṣú síbẹ̀."

"Ṣé ẹ sọ fún Stephanie?"

Ìyá náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ fọ́tò.

"Mo sọ fún un. Mo ní, 'Ṣé o rí i? Ọkùnrin tí mo ní kó o fi sílẹ̀ nìyí.' Ó kọjú sí ògiri. Ó ká ọwọ́ kò. Kò dá mi lóhùn."

Kò sọ bóyá ó padà dá a lóhùn kó tó kú. Damaris kò bi í.

"Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Nígbà tó kú tán, mo mú òrùka náà lọ sọ́dọ̀ Sherifdeen, ọmọkùnrin tó ń ta jewelry ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó yọ òkúta yẹn kó fi sí àgbélébùú kékeré fún mi, kí n máa wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Kí nǹkan ọmọ mi ṣáà wà lára mi. Ó wò ó, ó ní, 'Mummy, ẹ má bínú o, gíláàsì ni.' Ó ní kí n tà á fóun tòun ti wúrà ara rẹ̀. Mo ní mi ò ta nǹkan ọmọ mi. Mo gbé e padà wálé. Nírọ̀lẹ́ ó tún pè mí. Ó ní kí n fi wúrà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n kàn fún òun ní gíláàsì yẹn kí òun bá mi jù ú nù, kó má baà máa bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ èèyàn ṣìkẹ́."

Damaris gbé orí sókè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló tọrọ rẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì nìkan?"

"Gíláàsì nìkan. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Mummy."

Àmọ́ nǹkan wà. Damaris kò fẹ́ràn ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Tó bá ti pàdé irú wọn, àpò wọn ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó mú òrùka náà, ó fi sínú ọ̀rá kékeré kan. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Ta ló máa wà níbi ìsìnkú lọ́la?"

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Daddy rẹ̀ ti kú. Èmi ò lè lọ. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọ́n á bá mi sin ín. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

*

Wọ́n mú Káyọ̀dé wá sí yàrá ẹ̀yìn ní tésàn. Ọkùnrin gíga kan ni, apá Ṣakí ni wọ́n ti bí i. Kò sunkún. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

"Níbo lo ti ra òkúta?"

"Lọ́dọ̀ Bàbá Àkànní, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Kétu. Èmi àti Stephanie la jọ lọ yàn án."

"Dáyámọ́ńdì ni?"

"Dáyámọ́ńdì ni, Aunty."

"Ìwọ? Oníṣẹ́ àga? Dáyámọ́ńdì?"

Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ládùn.

"Bí Mummy ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Aunty, kò tóbi. Kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Dáyámọ́ńdì ni ṣá."

Ọwọ́ rẹ̀ ni Damaris ń wò. Gbogbo orí ìka rẹ̀ ni nǹkan ti gún. Òmíràn ti jinná, òmíràn ṣì pupa.

"Kí ló gún ọ lọ́wọ́ báyìí?"

"Abẹ́rẹ́."

"Máṣíìnì lẹ fi ń rán aṣọ àga. Èmi náà ní àga nílé."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

"Máṣíìnì rẹ dà, Káyọ̀dé?"

"Mo tà á."

"Nígbà wo?"

"Kí a tó lọ yan òkúta." Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy. Stephanie gan-an ò mọ̀. Mo ní ó bàjẹ́ ni."

Damaris rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ra gíláàsì kì í ta nǹkan tó fi ń jẹun. Ọmọ yìí sanwó dáyámọ́ńdì, ìyẹn dá a lójú. Ìbéèrè tó kù ni bóyá dáyámọ́ńdì ni wọ́n fún un, àti bóyá òun náà ló ṣì wà lójú òrùka.

Ó ti dìde tán kí ọmọkùnrin náà tó tún sọ̀rọ̀.

"Aunty, ẹ so ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́la, kí ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá sin ín tán, ẹ dá mi padà. Mi ò ní sá. Mummy ò lè wá, àṣà ò gbà. Tí èmi náà ò bá sí níbẹ̀, ta ló máa da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí tó mọ̀ ọ́n?"

Damaris ṣí ilẹ̀kùn. Ó jáde.

*

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àkànní kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, lẹ́yìn ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń tò sí ní Kétu. Bàbá náà gba òrùka, ó fi awò kékeré tí wọ́n fi ń wo wúrà bọ ojú, ó gbé òrùka sábẹ́ gílóòbù. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí kọ́."

"Èyí kọ́ báwo, Bàbá?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni òrùka. Òkúta yìí kọ́. Èyí tí mo fi síbẹ̀, o lè gbé e sínú òjìji, á ṣì máa kọ mànà. Èyí ti kú. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe yàn án fún mi."

Bàbá yọ awò kúrò lójú.

"Méjì ni mo tẹ́ fún wọn lórí aṣọ dúdú. Ọ̀kan mọ́ gaara bí omi. Èkejì ní èérí kan nínú, dúdú, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ní ẹ̀gbẹ́ báyìí. Bí wọ́n ṣe wá láti inú ilẹ̀ náà ni, kò ṣeé yọ. Ọmọkùnrin yẹn ní èyí tó mọ́ lòun fẹ́. Ọmọbìnrin ní rárá. Mo ní, 'Ìyàwó, èyí lábùkù o.' Ló bá fọwọ́ kan abẹ́ ojú rẹ̀ báyìí, ó ní, 'Bàbá, èmi náà lábùkù. Èyí jọ mí. Tí wọ́n bá jí i gbé, màá mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún.' Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Báwo ló ṣe wà?"

"Ó ti kú, Bàbá."

Bàbá Àkànní gbé òrùka náà sílẹ̀.

"Ọmọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Háà. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn."

Damaris gba awò náà, ó wo òkúta fúnra rẹ̀. Ó ń wá èérí dúdú. Kò rí i. Kùrukùru ló bo gbogbo rẹ̀, bí ojú gíláàsì ẹni tó ń dín àkàrà. Àmọ́ nígbà tó yí òrùka padà, ó rí nǹkan míì. Èékánná wúrà mẹ́rin ló di òkúta náà mú. Lábẹ́ wọn, ìdọ̀tí kan ti dì mọ́ ìdí òkúta, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó yí i ká láti èékánná dé èékánná. Kò já níbì kankan.

"Bàbá, tí ẹnì kan bá fẹ́ yọ òkúta yìí kó fi òmíràn sí i?"

"Á ṣẹ́ èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn."

"Ìdọ̀tí tó dì yìí ńkọ́?"

Bàbá tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó. "Á fọ́. Dandan ni kó fọ́." Ó gbójú sókè. "Kò sì fọ́."

Damaris fi orí píìnì ha díẹ̀ kúrò, ó gbé e sí imú. Ó mọ òórùn náà, àmọ́ kò rántí ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó yá awò Bàbá, ó sì lọ.

*

"Aunty mi! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kí n ra mineral tútù fún yín?"

Sherifdeen mọ́ tónítóní. Gíláàsì àti iná ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀.

"Mi ò mu mineral," Damaris ní. "Òrùka Mummy Stephanie ló gbé mi wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. It's very painful, Aunty. Gíláàsì lásán. Àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí ò níbẹ̀rù Ọlọ́run mọ́."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́."

"Kò burú. Ọkàn ìyá náà ti bàjẹ́ débi pé ó ní kí n bá òun yọ ọ́. Mo ti yọ ọ́. Mo sọ ọ́ sí gọ́tà bí mo ṣe ń bọ̀."

"Gọ́tà wo?"

Ó ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Aunty, gọ́tà wo? Èyí tó wà níwájú ibí yìí?"

Damaris kò mira. Ó ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọkùnrin náà rí bí òun ṣe dúró, ó mú ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.

"Jókòó, Sherifdeen."

Ó jókòó.

"Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ lo pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá rò ó dáadáa. Ẹni tó bá ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán kì í padà wá tọrọ ìkòkò. Ká ní ó ti wà lọ́wọ́ rẹ ni, o ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ òrùka yẹn mọ́. Ìwọ wá tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, o ní kí ìyá náà fi wúrà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oníṣòwò tó ń fi wúrà sílẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún gíláàsì. Ṣé kí n parí ẹ̀, àbí wàá bá mi parí ẹ̀?"

Ẹnu dídùn náà ti gbẹ.

"Mo fi aṣọ nu igun kan," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Mo rí i pé iná ń bẹ nínú rẹ̀. Ó kàn dọ̀tí ni. Aunty, business ni. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ pé gíláàsì ni. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló gbé gíláàsì wá lẹ́nu. Mo kàn gbè é lẹ́sẹ̀ ni."

"Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé nítorí ẹsẹ̀ tí o gbè."

"Ẹ ṣàánú mi."

"Bá mi kálọ sí tésàn. Wàá sọ gbogbo èyí tó o sọ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yìn tó fi í lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ ni òórùn orí píìnì yẹn padà wá sí i lọ́kàn, ó sì rántí ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó dúró lójú kan ní ẹnu ọ̀nà tésàn. Inú rẹ̀ ò dùn pé ó mọ̀ ọ́n. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tó ń wá òótọ́ máa ń rí i, tó sì máa ń wù ú kó dá a padà síbi tó ti mú un.

*

"Mummy, nígbà tí Stephanie wà ní ọsibítù, ibo lára rẹ̀ lẹ máa ń fi òróró pa?"

Kíṣìnì ni wọ́n wà. Ìyá náà wò ó bí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Orí rẹ̀. Àyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń dì mú gbàdúrà jù, ọwọ́ òsì yìí. Kò jẹ́ kí n bọ́ òrùka, mo bá ń pa á mọ́ ọn. Ìgò mélòó ni mo lò tán. Láti ìgbà tó ti kú náà, mo ṣì ń fi pa òrùka yẹn kí n tó sùn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bi mí?"

"Ẹ gbé omi gbóná sínú abọ́. Ẹ fi ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ sí i. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ò lò mọ́."

"Kí n fi ṣe kí ni?"

"Ẹ bá mi fọ òrùka."

Damaris lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá fọ̀ ọ́, ìyá náà lè sọ lọ́jọ́ kan pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ òun lójú.

Ìyá náà fi í sínú omi. Ó ń fọ̀ ọ́ bí èèyàn ṣe ń fọ etí ìkókó. Omi náà ṣú. Òróró léfòó sókè, ó ń dán. Ó yí òrùka, ó fọ ìdí rẹ̀, ìdọ̀tí tó dì náà ṣí kúrò. Ó ṣan án, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

Ó sì dúró.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ló ń gba ojú fèrèsé kíṣìnì wọlé. Ìyẹn náà tó. Òkúta kékeré yẹn tan iná sára ògiri.

"Ẹ fẹ́ èémí sí i," Damaris ní.

Ìyá náà gbé e sún mọ́ ẹnu. Ó fẹ́ èémí. Kí ó tó pa ẹnu dé, kùrukùru ti lọ.

"Dáyámọ́ńdì fẹ́ràn òróró, Mummy. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní tàn, kùrukùru ò sì ní tètè kúrò lójú rẹ̀. Káyọ̀dé kò tan ọmọ yín. Ẹ gba awò yìí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ó wò ó. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Àmì rẹ̀ nìyí."

"Òun ló yàn án. Èyí tó mọ́ wà níbẹ̀, kò mú un. Ó ní èyí jọ òun."

Ilẹ̀ kíṣìnì ni ìyá náà jókòó sí, òrùka wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Òróró mi ni," ó ní. "Damaris, òróró mi ni. Èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀, èmi náà ni mo tún pè é ní gíláàsì." Ó mí. "Mo sọ fún un pé ọkùnrin náà tàn án. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kó tó kú nìyẹn. Ṣé ó gbà mí gbọ́? Ṣé ọmọ mi gbà mí gbọ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ tí Damaris lè fi dáhùn. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò mú ìkankan níbẹ̀, torí kò sí èyí tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

"Ta ló bọ́ òrùka lọ́wọ́ rẹ̀, Mummy?"

"Èmi. Lẹ́yìn tó kú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ká kò síbẹ̀. Ìka rẹ̀ ni mo ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹni tó bá gbà pé gíláàsì lòun wọ̀ kì í dì í mú bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà ké. Damaris ò mọ̀ bóyá ohun tó sọ tù ú nínú ni àbí ó nà án. Ó jókòó tì í nílẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

*

Nígbà tí ìyá náà fa ẹjọ́ padà tán, wọ́n mú Káyọ̀dé jáde wá sí kántà tésàn. Bó ṣe rí Mummy Stephanie, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ìyá náà ní. "Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Dìde, jọ̀ọ́."

Ó dìde. Ìyá náà na ọwọ́ láti fún un ní nǹkan tó fi áńkáṣíìfù wé, ọmọkùnrin náà la ọwọ́ láti gbà á, ìyá náà sì rí orí ìka rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú. Ó wo ojú abẹ́rẹ́ gbogbo tó wà níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò bi í. Damaris náà kò sọ nǹkan kan.

"Èmi ò gbọ́dọ̀ mọ ibojì rẹ̀," ìyá náà wá ní. "Ìwọ lo máa lọ. Kí wọ́n tó dé pósí, wọ̀ ọ́ fún un. Ọwọ́ òsì."

"Mummy, ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ṣe àgbélébùú."

"Kì í ṣe tèmi. Kò yàn án fún mi."

Káyọ̀dé di áńkáṣíìfù náà mú mọ́ àyà. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá gbé e. Ìyá náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé e lápá, ó mú un kúrò, ó tún dá a padà.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, àmọ́ kò wẹ̀yìn.

"Káyọ̀dé."

"Mà."

"Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbé òróró jáde lọ́la, má jẹ́ kó kan òrùka náà."